Ìtàn Ẹlòmíràn Lẹ́nu Olùṣọ́-Àgùntàn

Kì í ṣe nítorí pé a gbọ́n jù yín lọ ni a ṣe mú kálámù ní oṣù yìí. Ọ̀ràn kan ni ó ti ń bẹ ní ọkàn wa láti ọdún mélòó kan wá, tí a sì ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la nípa rẹ̀, nítorí pé ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Ọ̀ràn náà ni ti ìtàn sísọ nínú ìjọ: ta ni ó ni ìtàn tí oníwàásù ń sọ?

Nígbà tí a jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa ní iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ, a ti mọ bí a ti ń pín ìwàásù sí orí mẹ́ta, tí a ó sì fi ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. A rò pé èyí tó. Ìjọ kan ní ìhà Ọ̀sẹ̀ ni a kọ́kọ́ rán wa lọ, ìjọ àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu, kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn ìyá àgbà tí ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sùn, wọ́n sì sùn tọkàntọkàn. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, nítorí láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé ni wọ́n fi wà ní oko. Ní ọjọ́ keje ni a gbàgbé ìwé tí a kọ ìwàásù sí sórí tábìlì nílé. Kò sí ohun tí ó kù fún wa ju pé kí a sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá, bí ẹni pé ní abúlé náà gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀: bí ọmọ náà ti gba ìpín tirẹ̀ nínú oko kòkó bàbá rẹ̀, tí ó tà á, tí ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbìní. Nígbà tí a dé ibi tí bàbá náà ti rí i ní òkèèrè, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà dìde dúró, ó ní, ‘Ó ti sáré! Bàbá náà ti sáré lọ bá a!’ kí àwa tó sọ ọ́.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́ wa ni ìyá náà kọ́ wa. Kí a sì rántí pé ẹ̀ka èdè pọ̀ ní agbègbè wa yìí. Yorùbá inú Bíbélì, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí, kò rí bí ti Ọ̀wọ̀ ti rí lẹ́nu. Ti Ifọ̀n kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀wọ̀. Ní apá kan ìlú Ìdoànì ẹ̀wẹ̀, Ìyàyù ni èdè abínibí, èdè tí ó bá ti Ẹ̀dó tan. Àlàyé jíjinlẹ̀ a máa ṣubú sí ọ̀nà láàrin èdè kan àti èkejì; ìtàn a máa dé ilé.

Olúwa wa tìkára rẹ̀ ni ó la ọ̀nà yìí. Máàkù ròyìn ní orí 4 ìwé rẹ̀ bí ó ti jẹ́ pé òwe ni Olúwa fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa yàn: wọn kò pè é ní àlọ́, wọn kò pè é ní ìtàn, òwe ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa òwe níwájú àwọn àgbà nílẹ̀ wa kì í ṣàì wí pé, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe.’ Ìyọ̀ǹda ni ó ń tọrọ. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni lè gún ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Nínú àlọ́ pẹ̀lú, nígbà tí apàlọ́ bá ti ké ‘Àlọ́ o!’ tí àwọn ọmọ sì ti dáhùn ‘Àlọ̀!’, Ìjàpá ni a di ẹrù gbogbo ìwà burúkú lé lórí: òun ni olè, òun ni wọ̀bìà, òun ni ọ̀dàlẹ̀ ọ̀rẹ́. Ọmọ tí ó jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ ní alẹ́ àná yóò bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ̀ nínú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò na ìka sí i. Àwa oníwàásù tí a kàwé ni a fi Ìjàpá sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi aládùúgbò wa pa àlọ́.

Lẹ́yìn tí a ti rí i pé ìtàn a máa jí olùgbọ́, ojúkòkòrò ìtàn wọ̀ wá lára. Bí a bá lọ bẹ aláìsàn wò, à ń gbọ́ fún ìwàásù. Bí a bá parí ìjà láàrin tọkọtaya, à ń gbọ́ fún ìwàásù. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn wa ní òru pẹ̀lú omijé lójú, ètí wa kan ń gbọ́ tirẹ̀, èkejì ń gbọ́ ti Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Ìjẹ́wọ́ ni èyí, a kò sì ní ṣe é ní rírọ̀.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ náà tí ń ṣe òwò gààrí. Ó wá sí ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti mú nínú owó ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí ó wà ní ìkáwọ́ òun, nígbà tí ọmọ òun wà ní ilé-ìwòsàn tí òun kò sì rí ibi yíjú sí. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, òun sì fẹ́ kí a bá òun gbàdúrà kí òun lè san án tán kí ìpàdé ọdún tó dé. A gbàdúrà. A sọ fún un pé kí ó fi ọkàn balẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kò ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí ìwàásù lórí Sákéù fi kàn. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. A ní, ‘Ní ìlú kan báyìí, obìnrin kan wà tí a fi àpò owó lé lọ́wọ́.’ A rò pé ìyìn ni a ń yìn ín, nítorí a sọ bí ó ti ń dá owó náà padà, a sì fi í ṣe ẹgbẹ́ Sákéù. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó ń di àpò owó mú nínú ìjọ tí kò tó 80 ènìyàn? A rí i tí àwọn orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí ìjókòó kẹta ní apá òsì. Obìnrin náà kò dìde. Ìwé orin ni ó tẹjú mọ́ títí a fi parí, ìwé náà sì wà ní pípadé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó mú gbogbo ìyókù owó náà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti ta ẹ̀rọ tí ó fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ó to owó náà sórí tábìlì wa, ó ní kí a kà á. A kà á, ó pé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ ilé Ọlọ́run yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ bá a nílé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa mu, ó ní, ‘Ẹ ṣeun, Tíṣà. Kò sí ohun tí ẹ ṣe fún mi.’ Nígbà tí ọmọ ìjọ bá wí báyìí fún olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, pẹ̀lú irú ohùn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Bàbá arúgbó kan ní Ọ̀wọ̀, tí ó ti jẹ́ àgbà ìjọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, gbọ́ ọ̀ràn náà. Kò bá wa wí. Nígbà tí a lọ kí i, ó bi wá bí a bá mọ ìtàn tí ó wà nídìí ọdún Igogo, ọdún tí a kì í lu ìlù níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé agogo ni a ń lù. A dáhùn, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé àwa kì í lọ́wọ́ sí ọdún òrìṣà. Ó ní òun pẹ̀lú kì í lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe òrìṣà. Ó sì sọ ọ́ fún wa bí a ti ń sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀: pé Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́njẹ́n fẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn ayaba lọ; pé èèwọ̀ mẹ́ta ni obìnrin náà ní: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ju ẹrù igi ìdáná lulẹ̀ níwájú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọba kò sí nílé, àwọn orogún rẹ̀ pa èèwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀. Ó dìde, ó sì jáde kúrò ní ààfin. Wọ́n lépa rẹ̀ wọ inú igbó, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò padà. Ọ̀já rẹ̀ ni ó kù sílẹ̀ níbi tí a ń pè ní Igbó Lájà. (Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo ti wú ilẹ̀ ní ọdún 1971, tí ó sì rí àwọn orí àti ère amọ̀ àtijọ́ tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti amọ̀ ni bàbá náà ń bá wa sọ.)

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Tíṣà, ta ni ó kọ́kọ́ mọ èèwọ̀ obìnrin náà, kí àwọn orogún tó mọ̀ ọ́n?’

A kò lè dáhùn. Ó ní kí a jẹ iṣu tí a gbé ka iwájú wa, kí ó má baà tutù.

Nígbà tí a padà sílé, a ṣí Ìwé kejì ti Sámúẹ́lì, orí 12, a sì kà á bí ẹni tí kò kà á rí. A ti wàásù lórí Nátánì lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ti fi í ṣe ọ̀gá àwọn tí ń fi ìtàn kọ́ni. Ṣùgbọ́n a kò kíyèsí ibi tí ó ti sọ tirẹ̀. Kò sọ ọ́ ní ẹnu ibodè. Kò dúró de ọjọ́ àjọ̀dún nígbà tí gbogbo Ísírẹ́lì péjọ. Ó wọlé tọ Dáfídì lọ ni, ọ̀rọ̀ náà sì wà láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí ó mú lọ kì í ṣe ti Bátíṣébà àti Ùráyà. Ti ọlọ́rọ̀ kan àti tálákà kan àti abo ọ̀dọ́-àgùntàn ni. Bí Dáfídì bá fẹ́, ó lè gbọ́ ìtàn náà kí ó má sì mọ̀ pé òun ni. Òun tìkára rẹ̀ ni ó bínú, òun tìkára rẹ̀ ni ó dájọ́, kí wòlíì náà tó sọ pé òun ni ọkùnrin náà. Ohun tí bàbá arúgbó yẹn ṣe fún wa nídìí iṣu nìyẹn, a kò sì mọ̀ nígbà tí ó ń ṣe é pé Nátánì ni ó jókòó tì wá.

Ẹ tún wo Jòhánù orí 4. Olúwa mọ gbogbo ọ̀ràn obìnrin ará Samáríà náà, ó mọ iye ọkọ tí ó ti ní. Ó sì sọ ọ́ fún un létí kànga, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti lọ ra oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò tún un sọ fún wọn. Obìnrin náà ni ó gbé ìtàn ara rẹ̀ wọ inú ìlú lọ, ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àwọn ará ìlú sì jáde wá nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan nínú yín yóò wí pé, ‘Ti obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ẹni tí Olúwa pè jáde níṣojú gbogbo ènìyàn?’ Ọ̀rọ̀ náà le, a sì ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Olúwa béèrè ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Kò sọ ohun tí ó ń ṣe é. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó wá tí ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọdún 12 ni a ti kà á sí aláìmọ́, bí ó bá sì lọ ní ìdákẹ́ kò sí ẹni tí yóò gbà pé ó ti mọ́. Ní gbangba ni Olúwa ti pè é ní ọmọbìnrin, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Bí a bá lè fi ọwọ́ sọ àyà pé irú ire bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí a fẹ́ sọ yóò ṣe fún ẹni tí ó ni ín, kí a bi í. Bí ó bá jẹ́ pé ìwàásù wa ni yóò dùn sí i, kí a pa á mọ́.

Àjàyí Crowther fi àpẹẹrẹ mìíràn lélẹ̀. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1837 ni ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, bí wọ́n ti so wọ́n mọ́ ara wọn, bí wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun ni ó ròyìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìtàn náà ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún láti ìgbà náà títí di òní. Ẹni tí ó jẹ ìyà náà ni ó sì fi í tọrẹ.

A kò lè kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí kí a má sì mẹ́nu kan ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì ni, nígbà tí àwọn apànìyàn fi ìbọn àti àdó olóró kọlu àwọn ará wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí 40 ènìyàn ó kéré tán sì kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni a ṣe ìsìn ìsìnkú fún wọn. Lẹ́yìn èyí, ìtàn pọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń sọ ọ́, àwọn oníwàásù láti ọ̀nà jíjìn ń sọ ọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ ìdí rẹ̀ tí Ọlọ́run fi mú lágbájá tí ó sì fi tàmẹ̀dù sílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ lẹ́nu wa, a sì ń fi tagbára-tagbára sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú ìjọ tiwa dìde láti dúpẹ́ pé ó yẹ kí òun gba àdúgbò náà kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá òun dúró. Òtítọ́ ni, ó sì tọ́ kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan jókòó ní ẹ̀yìn tí ìbátan rẹ̀ kò bọ́. Kí ni ó yẹ kí olùṣọ́-àgùntàn ṣe? A kò dá ọkùnrin náà lẹ́kun, nítorí ìtàn tirẹ̀ ni. A kò sì ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́, a kò ní kí ìjọ hó. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a ka Mátíù orí 2, níbi tí Rákẹ́lì ti ń sunkún nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò sì gba ìpẹ̀. Ìwé Mímọ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹkún rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un ní orí náà. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá tí ó jókòó ní ẹ̀yìn náà di ọwọ́ wa mú, kò sì sọ ohunkóhun, àwa pẹ̀lú kò sì béèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò bi wá pé, ‘Kí ni kí a wá máa sọ?’ Ìtàn kò wọ́n. Bíbélì kún fún un, Ìjàpá ṣì wà láàyè, oko àti ọjà kò sì dákẹ́. Ti ara yín pẹ̀lú wà ńlẹ̀, pàápàá èyí tí kò buyì kún yín. Ìjọ a máa gbàgbọ́ oníwàásù tí ó bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe Ìjàpá. Ní ti àwọn ọmọ ìjọ, ẹ bi wọ́n. Ní àkókò ìkórè kan, a bi opó arúgbó kan bóyá a lè sọ bí Olúwa ti mú un la ọ̀ràn oko ọkọ rẹ̀ já. Ó wò wá, ó ní, ‘Èmi náà ṣáà ní ẹnu.’ Ó sì dìde ní ìjókòó rẹ̀, ó sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, ó gùn ju ìwàásù lọ, ẹni tí ń tẹ dùùrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Kò sí ẹni tí ó sùn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ó ku ohun kan tí ẹ lè fi dá wa lẹ́bi: pé a tún ti sọ ọ̀ràn obìnrin aláàpò owó náà níhìn-ín. Kí a tó fi ìwé yìí ránṣẹ́, a wá a lọ sí ìlú tí ó ń gbé nísinsìnyìí, níbi tí ó ti ń sin Olúwa nínú ìjọ mìíràn, a sì ka ibi tí ó kàn án sí i létí. Ó ní kí a yí òwò rẹ̀ padà àti ohun tí ó tà, a sì yí wọn padà. Gààrí kọ́ ni, ẹ̀rọ kọ́ ni. Ó ní kí a tún ibi tí a ti ka owó náà kà. A tún un kà. Ó ní, ‘Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ó pé.’